Òkè Ìdànrè: Ìlú tí Ó Sọ̀ Kalẹ̀, Ìtàn tí Ó Kù Lórí Àpáta

Ibi tí a bá ń pè ní orí, àwọn àgbà ní a kì í fi tẹ ilẹ̀. Bí òwe yìí bá bá ibì kan mu ní ilẹ̀ Yorùbá, Òkè Ìdànrè ni. Ní orí òkè yìí ni ìlú wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ibẹ̀ ni ọba ń gbé, ibẹ̀ ni a ti ń dá ẹjọ́, ibẹ̀ ni a sì ń sin òkú sí. Ẹni tí ó bá gòkè lọ síbẹ̀ lónìí yóò bá ilé tí kò sí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀, yóò bá òpó tí ó ń dá dúró nínú àgbàlá, yóò sì gbọ́ ìró afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ ni a ti kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ibẹ̀ rí. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni pé, kí ni a kó wọn lọ wò?

Bí a bá ní kí àwọn ọmọ kọ àròkọ lẹ́yìn irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, nípa àtẹ̀gùn ni wọn yóò kọ. Ọ̀kan yóò ní àtẹ̀gùn náà jẹ́ 660, èkejì yóò ní 667, ẹ̀kẹta yóò fi Ọlọ́run búra pé 682 ni òun kà. N kò bá wọn jà, nítorí pé àwọn ìwé tí ń júwe òkè náà pàápàá kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí iye rẹ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn gbà ni pé ó lé ní 600, àti pé ibi ìsinmi márùn-ún ni ó wà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn, àwòrán tí wọ́n yà ni yóò kàn, lẹ́yìn náà oúnjẹ tí wọ́n jẹ nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Àròkọ parí. Ìlú kan wà ní òpin àtẹ̀gùn yẹn, ṣùgbọ́n kò wọ inú àròkọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara àpáta fúnra rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Ìdànrè wà, kò sì tó 30 kìlómítà sí Àkúrẹ́ tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà. Ẹni tí ó bá ti ọ̀nà Àkúrẹ́ bọ̀ yóò kọ́kọ́ rí àwọn àpáta náà lọ́ọ̀ọ́kán bí erin tí ó dùbúlẹ̀. Àwọn tí ó ga jù nínú wọn tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè sí ìtẹ́jú òkun, ìyẹn ni pé wọ́n lé ní 900 mítà. Akọ òkúta ni wọ́n, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní gíráníìtì. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nínú ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ ni òkúta yìí wà ní yíyọ́ bí epo gbígbóná, tí ó sì tutù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi le. Òjò àti àgbàrá wá fi ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún wọ́ ilẹ̀ tí ó bò ó mọ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹrù tí ó wà ní orí rẹ̀ fúyẹ́, òkúta náà ràn díẹ̀, ara rẹ̀ sì ń bó ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Ìdí nìyí tí orí àwọn àpáta náà fi rí rogodo tí ó sì ń dán. Àwọn ọmọ máa ń rò pé ńṣe ni òkè náà hù jáde láti inú ilẹ̀. Ilẹ̀ àyíká rẹ̀ gan-an ni ó sọ̀ kalẹ̀ tí ó fi òkúta sílẹ̀ ní ìdúró. Ó yẹ kí olùkọ́ ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti olùkọ́ Yorùbá jọ máa gun òkè yìí ni.

Láàárín àwọn àpáta wọ̀nyí ni àfonífojì wà, tí ilẹ̀ kó jọ sí, tí omi sì ń ṣàn gbà. Bí òjò bá rọ̀, omi kì í rí ojú àpáta wọ̀, gbogbo rẹ̀ ni ó ń ya sí inú àwọn àfonífojì náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá tẹ̀dó sí àárín àpáta kò jìnnà sí omi, ó sì ní ilẹ̀ díẹ̀ tí ó lè fi gbin nǹkan. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa ṣe kàyéfì pé báwo ni odindi ìlú ṣe rí ohun mu ní orí òkúta.

Orúkọ ìlú náà ní ìtàn tirẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ní ẹnu àwọn ènìyàn ni pé nígbà tí àwọn tí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ rí àpáta ńláńlá wọ̀nyí, wọ́n kígbe pé, "Ìdán rè é!" Ó dùn létí, ó sì rọrùn fún ọmọdé láti há sórí. Ṣùgbọ́n orúkọ mìíràn wà tí ó wú mi lórí jù ú lọ, èyí tí àwọn ará Ìdànrè máa ń pe ìlú àtijọ́ náà: Ufẹ̀ Òkè, ìyẹn ni Ifẹ̀ ti orí òkè. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kíyè sí fáwẹ́lì tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ yẹn. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, kò sí ọ̀rọ̀ tí ń fi "u" bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀ka-èdè Ìdànrè, Oǹdó, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ibi tí àwa ti ń sọ "ilé", "ulé" ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ. Orúkọ kan ṣoṣo yìí sọ ohun méjì fún wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sọ bí àwọn ènìyàn náà ṣe ń sọ̀rọ̀, ó sì sọ ibi tí wọ́n gbà pé orírun wọn wà. Ìtàn ẹnu wọn náà kò yà kúrò níbẹ̀: láti Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti wá, tí àwọn ti Olófin sì ṣáájú wọn. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ka ẹgbẹ̀rún ọdún fún ìgbé ayé wọn lórí òkè.

Kí ni ó dé tí ènìyàn fi ń gun òkè lọ kọ́lé? Ìbẹ̀rù ogun ni ìdáhùn tí ó ṣe tààrà jù lọ. Ìdànrè kò dá nìkan wà nínú èyí. Àwọn ará Àkókó gun òkè wọn nítorí àwọn Núpé tí ń wá kó ènìyàn lẹ́rú. Abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà tí wọ́n dé Abẹ́òkúta ní 1830. Ní ilẹ̀ Olómìnira Benin lónìí, àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Ìdáàṣà fi àwọn òkè wọn ṣe odi sí àwọn ọmọ ogun Dàhómì, títí di òní ni a sì ń pe ìlú náà ní ìlú òkè 41. Ẹni tí ó bá dúró ní etí àpáta ní Ìdànrè tí ó wo ìsàlẹ̀ yóò mọ ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà tóóró ni ó gòkè. Ọmọkùnrin mẹ́wàá tí ó ní òkò lọ́wọ́ lè dá ọgọ́rùn-ún ọmọ ogun dúró níbẹ̀. Bí ọ̀tá bá ń bọ̀, a ó ti rí eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó dé ẹsẹ̀ òkè.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a rò pé ìbẹ̀rù nìkan ni ó kọ́ ìlú náà. Àwọn tí ń sá fún ogun a máa pa àgọ́. Ohun tí ó wà ní orí Òkè Ìdànrè kì í ṣe àgọ́ rárá. Ààfin Ọwá wà níbẹ̀, pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀ àti àwọn òpó onígi tí a gbẹ́ ère sí lára. Ojúbọ wà níbẹ̀. Àwọn ibojì wà níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba amúnisìn dé, wọn kò kọ́kọ́ ní kí ìlú sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn. Àwọn ni wọ́n gòkè lọ bá ìlú. Ìdí nìyí tí a fi rí kóòtù àtijọ́ ní òkè, tí a rí ilé agogo, tí a sì rí ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ajíhìnrere dá sílẹ̀. Ẹ wo ọ̀ràn yìí dáadáa. Láàárín ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè dúró níwájú ààfin tí ọba ti ń dájọ́, kí ó sì rìn dé iwájú kóòtù tí a fi gba ìdájọ́ náà lọ́wọ́ ọba. Mo ti kọ́ ìtàn ìjọba amúnisìn ní kíláásì fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sì rí ibì kan tí ó ti yé àwọn ọmọ tó orí òkè yẹn. Ilé méjì ni, wọ́n ń wo ara wọn.

Àwọn ohun mìíràn wà tí àwọn amọ̀nà fẹ́ràn láti fi han àlejò. Ọ̀kan ni ẹsẹ̀ Agbóógùn, ojú ẹsẹ̀ kan tí ó wà lára àpáta. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ ni yóò bá a mu, ìbáà jẹ́ ọmọdé ìbáà jẹ́ àgbà, àyàfi bí ẹni náà bá jẹ́ àjẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa pariwo níbẹ̀, àwọn kan a sì máa fà sẹ́yìn! Omi kan tún wà tí wọ́n fi orúkọ ààrá pè. Àwọn àmì kan sì wà lára àpáta tí wọ́n ń pè ní lẹ́tà tí kò ṣeé kà, tí àwọn ènìyàn gbà pé ó ti wà láti ayé Olófin. N kò ní fi ìtàn wọ̀nyí ṣẹ̀sín. Ìgbàgbọ́ ìlú ni wọ́n, ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ ìlú gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ìlú gbàgbọ́. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé níwájú lẹ́tà tí kò ṣeé kà ni a ti ń lo gbogbo àkókò, tí a sì ń sáré kọjá níwájú èyí tí ó ṣeé kà. Ògiri amọ̀ ṣeé kà. Bí ilé kan ṣe kọjú sí òmíràn, bí agbolé ṣe tẹ̀lé ìdàgẹ̀rẹ́ àpáta, ibi tí òpó wà àti ibi tí ó ti wó, gbogbo rẹ̀ ni ìwé.

Ọdún 1923 ni a sábà máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ọdún tí ìlú sọ̀ kalẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá lórí rẹ̀. Àwọn tí ó sọ̀ kalẹ̀ tẹ àwọn ìlú tí a mọ̀ lónìí dó sí ẹsẹ̀ òkè: Odòde, Aládé àti Àtọ̀sìn. Ìdí tí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ hàn gbangba bí a bá to ìtàn agbègbè náà pọ̀. Àdéhùn tí a ṣe ní 1886 bẹ̀rẹ̀ sí í mú Ogun Kírìjì wá sí òpin, àwọn àgọ́ ogun náà sì tú ká ní 1893. Ní 1897, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun ìlú Benin tí agbára rẹ̀ ti nà dé agbègbè Àkúrẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó gòkè nítorí ogun kò tún ní ọ̀tá tí yóò máa ṣọ́ ní etí àpáta mọ́.

Lẹ́yìn náà ni kòkó dé. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ni kòkó fẹ́, ilẹ̀ igbó tí ó dúdú tí òjò ń rọ̀ sí dáadáa, irú rẹ̀ sì pọ̀ ní Ìdànrè débi pé títí di òní, ó wà lára àwọn ibi tí kòkó ti ń jáde jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ fi ojú inú wo àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ tí ilé rẹ̀ wà ní òkè. Yóò sọ̀ kalẹ̀ ní òwúrọ̀, yóò gòkè ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹrù lórí. Oníbàárà tí ń ra kòkó ń dúró sí ibi tí ọ̀nà ọkọ̀ dé, lọ́rì kò sì lè gun àpáta. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, abà tí a pa sí oko a máa dàbí ilé ju ilé lọ. Ìlú kì í ṣí ní ọjọ́ kan. Àwọn ọ̀dọ́ ni ó sábà máa ń ṣáájú, àwọn arúgbó ni ó máa ń kẹ́yìn, nítorí pé orúnkún wọn kò fẹ́ sọ̀, ọkàn wọn kò sì fẹ́ fi ibojì sílẹ̀. Èyí ni mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ogun ni ó ti ènìyàn gòkè, ọjà ni ó fà wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ìdànrè ti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìdajì ilẹ̀ Yorùbá láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún àti ogún.

Ohun ẹlẹ́mìí kan wà tí kò bá wọn sọ̀ kalẹ̀, mo sì fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan ni. Ní 1963 ni onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Arne Schiøtz kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ àgbáyé. Òkè Ìdànrè nìkan ni a ti rí i ní gbogbo ayé. Ara òkúta tí omi ń sun gba orí rẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tí ì yọ ẹsẹ̀ ń lẹ̀ mọ́, wọn kì í wà nínú adágún bí ti àwọn ọ̀pọ̀lọ́ yòókù. Lẹ́yìn náà, ó lé ní 40 ọdún tí onímọ̀ kankan kò fi tún gbúròó rẹ̀, àyà àwọn ènìyàn sì ti ń já pé ó ti run, kí àwọn onímọ̀ láti Nàìjíríà tó tún rí i ní 2013. Ní 2014 ni ìròyìn rẹ̀ jáde nínú ìwé ìmọ̀. Mo bi àwọn ọmọ kíláásì mi léèrè bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ti gbọ́ nípa ọ̀pọ̀lọ́ yìí rí. Kò sí ẹnì kan. Wọ́n mọ pàǹdá ilẹ̀ Ṣáínà, wọn kò mọ ọ̀pọ̀lọ́ tí ó jẹ́ pé agbègbè tiwa nìkan ni Ẹlẹ́dàá fi í sí.

Àṣìsọ kan wà tí mo máa ń bá pàdé nínú ìwé àti ní ẹnu àwọn ènìyàn, pé Òkè Ìdànrè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Ohun Àjogúnbá Àgbáyé ti UNESCO. Ìwé ìdúródè ni a kọ orúkọ rẹ̀ sí ní oṣù Kẹwàá 2007, ìyẹn ni àkójọ àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè ń gbèrò láti fà kalẹ̀. Ẹni tí ó kọ orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò kò tí ì yege. Ibi méjì tí Nàìjíríà ní nínú ìwé gan-an ni Sukur, tí ó wọlé ní 1999, àti Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí ó wọlé ní 2005. Ó yẹ kí Sukur jẹ wá lógún nítorí pé ìlú orí òkè ni òun náà, ní Ìpínlẹ̀ Adamawa, lórí àwọn òkè Mandara tí ó bá Kamẹrúùnù pààlà. Ààfin ọba wọn, tí wọ́n ń pè ní Hidi, wà lókè, oko onípele-ípele wọn wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè, àwọn ènìyàn sì ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí àwọn Boko Haram kọlù wọ́n ní 2014, wọ́n ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀, síbẹ̀ ìlú wà tí yóò tún un ṣe. Ta ni yóò tún ògiri ṣe ní orí Òkè Ìdànrè tí òjò bá wó o? Àpáta kò ní ìṣòro. Ilé amọ̀ tí kò ní olùgbé ni ó ní ìṣòro, nítorí pé iná ìdáná, ọwọ́ tí ń rẹ́ ògiri lọ́dọọdún àti ẹni tí ń pààrọ̀ páànù tí ó jò ni ó ń mú kí ilé amọ̀ pẹ́.

Ní ti lítíréṣọ̀, orúkọ Ìdànrè ti rìn jìnnà ju àwọn ọmọ Ìdànrè fúnra wọn lọ. Wọlé Ṣóyínká fi í sọ orí ìwé ewì rẹ̀ tí ó jáde ní 1967, Idanre and Other Poems, níbi tí Ògún ti jẹ́ ọ̀gá nínú ewì tí ó gùn jù. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà, rán àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938. N kò sọ pé Ìdànrè ni Láńgbòdó o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó dàgbà ní ilẹ̀ tí òkè ti ń yọ orí láàárín igbó kò ní ṣòro fún láti fi ọgbọ́n sí orí òkè, kí ó sì ní kí àwọn ènìyàn làágùn kí wọ́n tó rí i gbà. Ẹ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ka orí ìwé Fágúnwà yẹn ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá gun òkè. Ẹsẹ̀ wọn tí ń ro wọ́n yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ láti lóye rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá ní 1923 ìbá ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lónìí. Àwọn tí ó gbé orí òkè gẹ́gẹ́ bí ilé ti lọ. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ tí wọ́n sọ ìtàn fún ni ó kù, àwọn náà sì ti di arúgbó. Nítorí náà, kí ẹ tó kó ọmọ gun àtẹ̀gùn, ẹ kọ́kọ́ lo òwúrọ̀ kan ní Odòde. Ẹ gba ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, pẹ̀lú ìkíni àti ìyọ̀ǹda, kí àwọn ọmọ béèrè agbolé tí bàbá bàbá wọn ti sọ̀ kalẹ̀, oríkì agbolé náà, ohun tí wọ́n gbé sọ̀ àti ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Kí wọ́n gbà á sí orí fóònù wọn, ó ṣe tán fóònù kò tún wọ́n wọn. Kí wọ́n gòkè lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n wá agbolé náà, kí wọ́n sì ya bí ó ṣe rí sínú ìwé. Ọmọ tí ó bá ṣe èyí kò ní rí àyè ka àtẹ̀gùn.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù láti gòkè, nítorí pé àpáta a máa yọ̀ nígbà òjò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó mú, kí olúkúlùkù mú omi dání. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ọdún Òrósùn pàdé, oṣù Èbìbí ni kí ó wá; kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ kí ó tó yọ kámẹ́rà. Bí ẹ bá dé ààfin, ẹ má ṣe jẹ́ kí amọ̀nà kán yín lójú. Ẹ ní kí ó mú yín kọjá ẹ̀yìn ààfin, dé ibi tí àwọn ibojì wà, níbi tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í dé.